Kí A Bi Òkú Léèrè, Kí Òkú Dáhùn: Ọnà Inú Bíbọ Ojú Oórì

Bí àwọn onímọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí Yorùbá ṣe ń bá àwọn ará ọ̀run wọn lò, eégún ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Kò ṣe é bá wọn wí. Aṣọ eégún pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ń fani mọ́ra, bàtá rẹ̀ ń dún dé àdúgbò kejì. S. O. Babayemi kọ odindi ìwé lórí eégún láàárín àwọn Ọ̀yọ́ ní 1980, J. A. Adedeji sì ti ṣàlàyé ṣáájú rẹ̀ bí eré aláàrìnjó ṣe ti inú eégún jáde. Ṣùgbọ́n ìṣe kan wà tí kò ní agọ̀, tí kò ní onílù, tí ọ̀pọ̀ ilé sì ń ṣe láì pe èrò: ẹnì kan á dúró sí ojú oórì bàbá tàbí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú omi tútù, obì àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìṣe yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ ọnà wò. Ọnà tó wà nínú rẹ̀ jinlẹ̀, ibi tó sì jinlẹ̀ sí jù lọ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é lóde òní, nílé àti lẹ́yìn odi, ń fò dá.

Obì ni ibi náà. Lójú mi, gbogbo ohun tó ṣáájú obì jẹ́ ìmúra láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òkú. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e jẹ́ ohun tí alààyè ṣe sí èsì tó gbà.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Nínú The History of the Yorubas tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, Samuel Johnson ṣàlàyé pé inú ilé ni Yorùbá ń sin òkú wọn sí, wọn kì í gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú. Oórì àgbà lè wà nínú yàrá tó ń sùn tẹ́lẹ̀ tàbí ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tí gbogbo ilé ń gbà kọjá. Àwọn ọmọ ń ṣeré níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bọ bàbá rẹ̀ kò rìnrìn àjò lọ síbì kankan. Ohun tó ní láti ṣe ni kó ya ilẹ̀ tó ń tẹ̀ lójoojúmọ́ sọ́tọ̀, ìgbálẹ̀ àti omi ló sì fi ń yà á. Wọ́n á gbálẹ̀ ní kùtùkùtù, wọ́n á wọ́n omi tútù sílẹ̀, wọ́n á ní kí àwọn ọmọdé yé pariwo. Iṣẹ́ kékeré ni lójú ẹni tó ń wò, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ọ̀ọ̀dẹ̀ di ojúbọ.

Oúnjẹ ló kàn. Ohun tí òkú fẹ́ràn nígbà tó wà láyé ni wọ́n ń wá: ẹ̀kọ, ọ̀lẹ̀lẹ̀, àkàrà, iyán bó bá jẹ́ oníyán, ọtí fún ẹni tó ń mutí, orógbó fún ẹni tí orógbó kì í tán lápò rẹ̀. Bí Ifá bá yan àkùkọ tàbí àgbò, ìyẹn á kún un. Mo fẹ́ràn apá yìí nítorí pé ìmọ̀ ló ń béèrè kó tó béèrè owó. Ọmọ tí kò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń jẹ lálẹ́ kò lè gbé àwo kalẹ̀ fún un. Ó ní láti lọ bi àbúrò ìyá rẹ̀, tàbí orogún ìyá rẹ̀ tó ṣì wà láyé, ìbéèrè yẹn sì ti di apá kan ìbọ náà. Obì ní tirẹ̀ kò gba kí á fi irú kan dí òmíràn. Gbànja olójú méjì tí a fi ń ṣe àlejò kò wúlò níbí. Obì àbàtà olójú mẹ́rin ni wọ́n ń wá, ìbáà funfun, ìbáà pọ́n.

Ìmúra kan tún wà tí wọn kì í tà lọ́jà. Àwọn ọmọ bàbá kan náà tó ń bínú síra wọn kò lè dúró síwájú bàbá kí wọ́n máa wúre ìṣọ̀kan. Wọ́n á pè wọ́n jókòó, wọ́n á gbọ́ ẹjọ́, ẹni tó jẹ̀bi á tọrọ àforíjì. Dáwódù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi èyí sílẹ̀ di ìgbà tí obì bá ti délẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé obì lè tú àṣírí ohun tí àwọn fi pa mọ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ọ̀rọ̀ ló kù. Omi á kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ìjúbà á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe òkú lórúkọ, wọ́n á sì kì í. Karin Barber, tó ṣèwádìí fún ọdún púpọ̀ ní Òkukù, fi hàn nínú I Could Speak Until Tomorrow ní 1991 pé oríkì kọjá ìyìn lásán: bí a bá ti ń kì í ni agbára ẹni tó ti lọ ń wọ inú ẹni tó wà níbẹ̀, àná sì ń bá òní pàdé. Ibí yìí ni àwọn obìnrin ilé àti ọmọ-osú ti ń gba ipò lọ́wọ́ dáwódù. Ọkùnrin lè mú obì dání, ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà kan kò bá sí nítòsí tó lè kì í dé ìdí, ìpè náà á gbẹ. Nínú ọ̀pọ̀ àpèjúwe tí mo ti kà, ẹni tó da obì ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, wọn kì í sọ ti ẹni tó kì í. Àbùkù ńlá nìyẹn jẹ́ fún ìwádìí wa.

Ohùn tí wọ́n fi ń bá òkú sọ̀rọ̀ tún yẹ ní wíwò. Bolaji Idowu sọ nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962 pé àjọṣe ẹbí tí ikú kò já ni a ń rí níbí, òbí pẹ̀lú ọmọ. Igor Kopytoff, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Suku ní Kóńgò, tẹ̀ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 1971: ó ní bí àwọn Suku ṣe ń bá àgbà tó wà láyé sọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ṣe ń bá èyí tó ti kú sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá tẹ́tí sí ìbọ nílé Yorùbá á gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, á pè é ní bàbá, á lo “ẹ,” ṣùgbọ́n á tún ráhùn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe lè ráhùn fún bàbá: “Bàbá, àwa ọmọ yín la dé o. Ẹ kúkú ń rí wa. Iṣẹ́ tí àbúrò wa ń wá láti èṣí, kò tíì bọ́ sí i. Ṣé ẹ kàn ń wò wá níran ni?” Kò sí ọ̀rọ̀ ńláńlá níbẹ̀. Ẹwà rẹ̀ ni bí ọ̀wọ̀ àti ẹ̀hónú ṣe jọ wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo láìpa ara wọn lára.

Ká wá dé ibi tí gbogbo rẹ̀ ń lọ. Wọ́n á wọ́n omi sí obì, wọ́n á pa á sí awẹ́ mẹ́rin, akọ méjì, abo méjì. Wọ́n á kó o sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi kan ilẹ̀ ojú oórì, wọ́n á dà á. Bí méjì bá ṣíjú sókè, tí méjì sì dojú délẹ̀, obì yàn, ẹnu gbogbo ilé á sì pa pọ̀: “Ó yàn!” Ṣùgbọ́n ká ṣírò díẹ̀. Bí awẹ́ kọ̀ọ̀kan bá lè ṣíjú tàbí kó dojú délẹ̀ lọ́gbọọgba, ọ̀nà 16 ni awẹ́ mẹ́rin lè gbà bọ́ sílẹ̀, 6 péré nínú wọn sì ni méjì-méjì. Kódà bí a bá ka èyí tí gbogbo rẹ̀ ṣíjú mọ́ ọn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ní ire, 7 nínú 16 ni. Ìyẹn ni pé nígbà àkọ́kọ́ tí a bá da obì, ó rọrùn kí òkú má tíì gbà ju kó gbà lọ. Àwọn tó gbé ìṣe yìí kalẹ̀ kò fẹ́ kí èsì rọrùn, ohun tó sì mú kí ìbọ gùn, kó sì ní ẹ̀mí, nìyẹn.

Nítorí bí obì kò bá yàn, wọn kì í kàn tún un dà bí ẹni tó ń ta ayò. Wọ́n á wá ìdí. “Ṣé omi ló kù?” Wọ́n á da obì. “Ṣé ọtí ni?” Wọ́n á tún dà á. “Ṣé ẹnì kan wà láàárín wa tó ṣẹ̀ yín?” Ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í yí láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni ọmọ tó ti ta ilẹ̀ bàbá láìsọ fún ẹnikẹ́ni á ti yọ ọ̀rọ̀ jáde, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n tó gbàgbé ìlérí ìsìnkú á ti rántí. Wọ́n á bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ṣàfikún, wọ́n á yí ẹ̀bẹ̀ wọn padà kí obì tó yàn. Margaret Thompson Drewal kọ ọ́ ní 1992 pé ìbọ Yorùbá kì í ṣe àtúnṣe ohun kan náà lọ́dọọdún. Àwọn tó ń ṣe é ń yí i padà bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó rí òótọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ní ojú oórì, èsì tí kò dùn ló ń fipá mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí délẹ̀ kò ní mọ ohun tó máa sọ ní dídà kejì.

Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí ni mo fi ń wo ohun tí ìṣe náà dà níbòmíràn. Ní Kúbà, níbi tí obì àbàtà ti ṣòroó rí, wọ́n gbé awẹ́ àgbọn mẹ́rin dípò rẹ̀. Inú àgbọn funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, nítorí náà ojú méjì ló ní bíi ti obì, ọ̀nà 16 náà ò sì yí padà. Wọ́n ṣì ń pe àwọn èsì náà ní Alafia, Eyeife, Etawa, Okana àti Oyekun. Wọ́n pa ohun tó ń jẹ́ obì dà, wọ́n sì pa ọnà rẹ̀ mọ́ láìkù síbì kan. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu nípa wọn ni moyugba, ìjúbà tí wọ́n ń ṣe kí ayẹyẹ kankan tó bẹ̀rẹ̀. Oko ẹrú ti tú ọ̀pọ̀ ìdílé ká débi pé ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó láti fi ka ìran, nítorí náà wọ́n ń dárúkọ àwọn òbí wọn nínú òrìṣà pẹ̀lú, láti orí ẹni tó tẹ̀ wọ́n nífá tàbí tó gbé òrìṣà lé wọn lórí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti Áfíríkà dé. Àwọn babaláwo ibẹ̀ ń pe Adéṣínà, ẹni tí àwọn ìwé ìjọba ń pè ní Remigio Herrera, tó gbé ní Regla létí Havana, tó sì kú ní 1905. Ìdílé tí wọ́n fi ẹnu kọ́ nìyẹn, orúkọ kan lé orúkọ kan.

Ní Amẹ́ríkà ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Ọba Oseijeman Adefunmi dá abúlé Oyotunji sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970, púpọ̀ nínú àwọn tó wá bá a kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó ti Áfíríkà wá nínú ìran wọn. Wọ́n ń dífá láti mọ orísun wọn, wọ́n sì ń pe àwọn tí wọ́n mọ̀ pẹ̀lú àwọn tí wọn kò mọ̀. Àwọn kan nílé rò pé ìpè bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹni tó bá pe bàbá tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tó sì dúró gbọ́ bóyá ó gbà tàbí kò gbà, ó ti ṣe ohun tó le jù nínú ìbọ.

Ohun tí mo ṣàríwísí rẹ̀ ni oríṣi kan tó ń gbilẹ̀ nílùú ńlá, láti Èkó dé London: tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé, àwòrán òbí, ife omi, àbẹ́là, òdòdó. Ó rẹwà, ìfẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ilé àyágbé kò ní oórì, itẹ́ ìlú sì jìn. Mo mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e kalẹ̀ kì í béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ̀ fún un. Á sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, á tan àbẹ́là, á dìde. Ìrántí ni ó ṣe, kò tíì bọ òkú. Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé àlá ni èsì tirẹ̀, pé ìyá rẹ̀ máa ń wá bá a lójú oorun. Mo gbà pé àlá jẹ́ èsì. Síbẹ̀ àlá kì í dé lójú àwọn ẹlòmíràn, kò sì lè mú kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jẹ́wọ́ níwájú ara wọn. Àwọn ará Kúbà tó ń gbé ife omi sórí tábìlì funfun pàápàá, ìṣe tí wọ́n gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Allan Kardec, olùdásílẹ̀ ẹ̀kọ́ Spiritism, ní ìpàdé tí òkú ti ń gba ẹnu ènìyàn sọ̀rọ̀. Wọn kò fi tábìlì náà sílẹ̀ láìlóhùn.

Nǹkan kejì tí tábìlì náà kò ní ni àwọn tó ń jẹun. Bí obì bá yàn, wọ́n á pín awẹ́ rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Díẹ̀ nínú oúnjẹ á wà fún òkú, èyí tó pọ̀ jù á wà fún ilé àti aládùúgbò. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé kò sí ìbọ òkú tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kí ẹni tó ń ṣe é dá wà tó. Ẹni tó wà ní Peckham ní London tí kò ní ẹbí nítòsí lè fi obì olójú mẹ́rin tó rà lọ́jà ibẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kó sì ké sí ọ̀rẹ́ méjì wá jẹ ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó sè. Bí wọ́n bá ti ń jẹun, wọ́n á bi í irú ẹni tí ìyá náà jẹ́ àti ibi tí wọ́n ti gbé e níyàwó. Àwọn kan wà nínú ìbéèrè náà tí kò ní lè dáhùn, yóò sì ní láti pe ilé lórí fóònù lọ́jọ́ kejì.