Ìyára àti Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nínú Silent Hunter III

Nínú Silent Hunter III, eré kọ̀ǹpútà tí Ubisoft gbé jáde ní 2005, ọ̀gá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ti Jámánì ni ẹni tí ń ṣeré nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lójú omi, ọkọ̀ irú VIIC ń sá ju máìlì òkun 17 lọ ní wákàtí kan. Lábẹ́ omi, kò pé 8, bátìrì sì ń tán lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sáré kò gbọ́ràn. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ a sáré díẹ̀, a rì, a dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n lè gbọ́ ìró ọkọ̀ akẹ́rù tí ojú kò tíì tó, kó tó tún gbéra. Ibí yìí ni eré náà ti dára jù.

Àléébù rẹ̀ ni bọ́tìnnì tó ń mú àkókò yára. Wákàtí mẹ́rin di ìṣẹ́jú díẹ̀, sùúrù kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. (Láìsí i, ta ni yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?) Àfi ìgbà tí ọkọ̀ ogun tó ń ṣọ́ àwọn akẹ́rù bá dé tòsí: bí a bá sáré, wọ́n á gbọ́ wa, bí a bá rọra, wọ́n á bá wa níbẹ̀.