Ta Ló Da Nǹkan Sínú Ọmú? Olùṣe Tó Sọnù Nínú Ìwádìí Akwesasne

Àpilẹ̀kọ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí tí Edward Fitzgerald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1998 nínú American Journal of Epidemiology, lórí ẹja jíjẹ àti PCB inú ọmú àwọn obìnrin Mohawk ní Akwesasne. Ìwádìí ìlera ni. Ohun tó mú un kàn mí ni pé mo gbìyànjú láti sọ àbájáde rẹ̀ ní Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èdè wa sì bi mí ní ìbéèrè tí n kò rí ìdáhùn rẹ̀ nínú àbájáde náà.

Etí odò St. Lawrence ni Akwesasne wà. Ààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà gba àárín ìlú náà kọjá, bí ààlà ṣe gba àárín àwa náà. Ilé iṣẹ́ General Motors ní Massena, nítòsí wọn, lo PCB nínú ẹ̀rọ rẹ̀, PCB náà sì dé inú odò. Ọ̀rá ni PCB máa ń bá rìn, kì í ṣe omi. Ẹja ńlá gbé ẹja kékeré mì, ènìyàn jẹ ẹja ńlá, ó wọ ọ̀rá ara, ó sì dé inú ọmú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn ọmú: kò gba abẹ́rẹ́, ó sì ń fi ohun tó ti pẹ́ lára hàn. Àwọn ìyá Akwesasne fúnra wọn ló béèrè bóyá ọmú wọn ṣì dára fún ọmọ. Agbẹ̀bí wọn, Katsi Cook, ló ṣíwájú wọn láti 1985.

Lára àwọn Mohawk tó bímọ láàárín 1986 sí 1989, ìwádìí náà rí ìpín PCB 0.602 nínú ìpín mílíọ̀nù kan ọ̀rá ọmú. Ti àwọn obìnrin ibòmíràn tí wọ́n fi wé wọn jẹ́ 0.352. Nígbà tó yá, ìyàtọ̀ náà pòórá, nítorí àwọn Mohawk ti dín ẹja odò wọn kù. Mi ò bá wọn jà lórí ìwọ̀n yìí. Iṣẹ́ gidi ni.

Gbólóhùn ni mo bá jà. Bí a bá ní "àwọn obìnrin tó fara kó PCB," obìnrin ni olùwà. Bí a bá ní "májèlé wà nínú ọmú wọn," ó tún burú sí i, torí ọmú ni à ń pe ẹ̀yà ara, òun náà la sì ń pe ohun tí ọmọ ń mu: ara ìyá wá di ẹlẹ́ṣẹ̀. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì lè fi olùṣe pamọ́ pátápátá. Yorùbá á ní "wọ́n da PCB sódò," ẹni tó ń gbọ́ á sì béèrè pé: àwọn wo? Nínú àbájáde yìí, obìnrin ló jẹ ẹja, obìnrin ló dín in kù. Ẹni tó da nǹkan sódò kò ṣe ohunkóhun.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti gírámà nìkan. Iye náà wálẹ̀ nítorí pé àwọn ìyá fi oúnjẹ wọn sílẹ̀, kì í ṣe nítorí pé odò ti mọ́. Bí a kò bá lọ sódò mọ́, níbo ni ọmọ ti máa gbọ́ orúkọ ẹja àti ti àwọ̀n? Kò sí àyè fún èyí nínú tábìlì ìwádìí. Ní 2013, nínú àdéhùn owó ìtanràn lórí odò náà, wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́ iṣẹ́ ìbílẹ̀ àti èdè Mohawk. Èdè wọ inú ìṣirò, ṣùgbọ́n ó pẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ máa túmọ̀ irú èsì báyìí fún àwọn ìyá lọ́jọ́ kan, ẹ kọ olùṣe síwájú: "Ilé iṣẹ́ da PCB sódò, ó wọ ara ẹja, ẹja náà lẹ jẹ, ó wá dé inú ọmú yín." Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ìyá tó bá gbọ́ ọ kò ní rò pé ọmú òun ló ṣẹ̀.