Ẹni tí ó Ṣàwárí Olórin àti Ẹni tí ó Tọ́ ọ

Àwọn ará Èjìgbò kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe Abidjan fún wọn. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ ti ń kó èrò láti ìlú wọn lọ sí ibẹ̀, tí ọmọ tí a bí ní ọ̀hún sì ń padà wálé pẹ̀lú èdè Faransé lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ìlú ńlá etí ọ̀sà náà jìnnà réré. Orin rẹ̀ nìkan ni ó ń dé etí wọn, orin tí àwọn ọmọ ń jó sí, tí àgbàlagbà yóò gbọ́ tí yóò sì mi orí pé ariwo lásán ni. Nínú ariwo náà ni ìtàn kan wà tí ó kan iṣẹ́ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ọdún 2003, ọmọkùnrin kan wà ní Yopougon, ní apá ìwọ̀ oòrùn Abidjan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ange Didier Houon. Ọmọ ọdún 17 ni. Orin kì í ṣe àjèjì nínú ìdílé wọn, nítorí akọrin ni ìyá rẹ̀, Tina Glamour, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí ń ṣètò ohùn níbi tí a ti ń gba orin sílẹ̀. Síbẹ̀, ìgboro ni ọmọ náà ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ DJ ni ó ń ṣe ní Rue Princesse, òpópó tí ilé ọtí àti ilé ijó kún bámúbámú, tí ìjọba wó palẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2011.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ DJ ní irú ilé ijó bẹ́ẹ̀ kò ju kí a mú àwo orin kan kúrò kí a fi òmíràn sí i. Ẹnu ni iṣẹ́ náà. Bí ìlù bá ti ń dún, DJ yóò máa sọ̀rọ̀ lé e lórí kíákíá, yóò máa pe orúkọ àwọn tí ó wọlé, yóò máa kì wọ́n, yóò máa gbé wọn ga ju bí wọ́n ti rí lọ, títí ẹni tí a ń kì yóò fi dìde, tí yóò sì fi owó lé e lára. Travaillement ni àwọn ará Abidjan ń pe owó fífi léni lára yìí. Yorùbá tí ó bá ti rí onírárà tàbí onídùndún níbi ìsọmọlórúkọ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ohun tí ó jẹ́. Nígbà náà, ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire láti ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, kónílé-ó-gbélé wà lórí ìlú, orin tuntun tí wọ́n ń pè ní coupé-décalé, èyí tí Douk Saga àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti Paris gbé dé, sì ti gba gbogbo ilé ijó kan. Orin ìnáwó ni. Bí a ṣe ń náwó ni ó fi ń yangàn.

Ibẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń pè ní Roland Le Binguiste ti rí ọmọ yìí. Nínú nouchi, èdè ìgboro Abidjan, binguiste ni ẹni tí ó ti dé òkè òkun; bí ó bá ṣe pé Yorùbá ni, Tòkunbọ̀ ni à bá máa pè é. Iṣẹ́ gbígbé orin jáde ni ó ń ṣe. Ó gbọ́ ohùn ọmọ náà, ó sì mú un lọ gba orin sílẹ̀. DJ Arafat ni orúkọ tí ọmọ náà fi kọrin, orin náà sì ni Hommage à Jonathan.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí orin yìí, nítorí àwọn tí ń kọ̀wé nípa DJ Arafat máa ń kọjá lára rẹ̀ kíákíá láti lọ bá òkìkí tí ó tẹ̀ lé e. Ta ni Jonathan? DJ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó kú. Ọmọ tí ń fi ẹnu rẹ̀ kì olówó láti àṣálẹ́ títí di àfẹ̀mọ́jú, nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ fún un láti gbé orin jáde, ẹni tí kò lè fi kọ́bọ̀ lé e lára mọ́ láéláé ni ó kọ́kọ́ kì. Ohun tí àwọn ọdẹ ń ṣe nígbà ìpà ni, tí wọ́n ń sun ìrèmọ̀jé fún ẹgbẹ́ wọn tí ó lọ, kí ọ̀nà rẹ̀ lè là. Ìlù náà kò yí padà, ìlù ijó ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó gùn ún jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó sọ nǹkan nù. Ẹni tí ń wá owó nìkan ì bá ní kí ọmọ náà kì àwọn alágbára ìlú. Ẹni tí ó náwó sí orin yìí kò kọ̀ ọ́, ìyìn rẹ̀ sì nìyẹn.

Ìyìn kejì tún wà. Kò sí ẹni tí ó ní kí ọmọ náà lọ fọ ẹnu rẹ̀ mọ́ kí ó tó kọrin. Nouchi kì í ṣe Faransé ilé ìwé. Faransé tí a fi Dioula, Baoulé, Bété àti èdè mìíràn lú ni, àwọn ọmọ ìta ni ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ó tó di èdè gbogbo ọ̀dọ́ ìlú. Olùkọ́ kò fẹ́ gbọ́ ọ ní kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí ń ṣe ráàpù tí wọ́n ń pè ní Nash ti fi í kọ́ gbogbo orúkọ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé ìwé ṣì pọ̀ tí ọmọ ti ń san owó ìtanràn nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ ní gbàgede. Ohun ìtìjú ni pé ilé ijó mọ ohun tí ilé ìwé kò tíì gbà: ẹnu tí ọmọ fi ń jẹun ni ó fi ń ronú.

Títí dé ibi yìí, ìtàn náà dùn. Láti ibi yìí lọ ni ó yẹ kí a béèrè ọ̀rọ̀.

Orin náà tàn kálẹ̀. Ọmọ náà lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó gbé ibẹ̀ láìní ìwé ìgbélùú, ó sì padà sí Abidjan. Ó di ọba coupé-décalé, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń pe ara wọn ní ará Ṣáínà nítorí pé wọ́n pọ̀ bí wọn. Ìjà rẹ̀ pẹ̀lú àwọn akọrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tán. Ní ọdún 2019 ó gbé orin kan jáde tí ó ń jẹ́ Moto Moto. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, alùpùpù tí ó ń gùn kọlu mọ́tò ní àdúgbò Angré, ó sì kú. Ọmọ ọdún 33 ni.

Kì í ṣe ẹ̀bi Roland Le Binguiste, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó fi ikú sí ọrùn rẹ̀. Òwò náà ni kò ní ilé. Ẹni tí ó ní owó yóò san owó orin kan, orin yóò tà tàbí kí ó má tà, ọmọ yóò sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìgbà wo ni ọ̀gá fẹ́ jókòó tì í? Ta ni yóò sọ fún un pé ìlà kẹta orin rẹ̀ kò dára, kí ó tún un ṣe, kí ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i? Ọmọ tí ń kọ́ ìjálá a máa tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ ká òde àríyá fún ọdún púpọ̀, ègbè ni yóò sì máa gbè kí wọ́n tó jẹ́ kí ó dá sun. Sunny Adé pàápàá wà lábẹ́ Moses Ọláìyá, ẹni tí a wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, kí ó tó dá ẹgbẹ́ Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1967.

Kò pọn dandan kí a padà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe hip-hop, Olúmídé Ògúnadé, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ID Cabasa, ní ilé iṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ Coded Tunes. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ìlù orin. Lord of Ajasa, tí ó ti ń fi Yorùbá ṣe ráàpù nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń sín àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ, ti ibẹ̀ kọjá. 9ice náà ti ibẹ̀ gbé Gongo Aṣọ jáde ní ọdún 2008. Ọmọ Bàrígà kan, Ọlámídé Adédèjì, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, bá àwọn ẹ̀gbọ́n wọ̀nyí nílé. Ẹni Dúró jáde ní ọdún 2010, àkójọ orin rẹ̀ àkọ́kọ́, Rapsodi, sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2011. Nígbà náà ni ó kúrò, tí ó sì dá YBNL sílẹ̀. Lil Kesh, Adékúnlé Gold, Fireboy DML, àti Asake ní ọdún 2022, gbogbo wọn ni wọ́n gba abẹ́ rẹ̀. Lil Kesh àti Adékúnlé Gold gbà fírídọ̀ọ̀mù, wọ́n lọ dá dúró, gẹ́gẹ́ bí òun náà ti ṣe.

Kí a má sì pọ́n Èkó jù. Ní ọdún 2017, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìlera ti ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀sùn kan fídíò orin Ọlámídé tí ó ń jẹ́ Wo! pé ó tako òfin tí ó de tábà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn orin wọn ń sọ nípa obìnrin kì í ṣe ohun tí olùkọ́ yóò kà sókè ní kíláàsì. Ilé kò sọ ọmọ di mímọ́. Ohun tí ilé ń ṣe ni pé bí ọmọ bá ń ṣìṣe, ẹnìkan wà nítòsí tí ó gbọ́.

Olùkọ́ tí ó bá ń bínú sí àwọn agbórinjáde Abidjan, kí ó kọ́kọ́ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Orúkọ ọmélòó ni ó ti kọ pé "ọmọ yìí ní ẹ̀bùn" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìparí ọdún kìíní, tí kò sì tún bá a sọ̀rọ̀ kan mọ́ títí ó fi jáde?

Ní òru ọjọ́ 30 mọ́jú ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2019, pápá ìṣeré Félix Houphouët-Boigny kún fún ọ̀dọ́ tí ó wá ṣe àìsùn òkú DJ Arafat. Olórin kan ń kúrò, òmíràn ń bọ́ sórí pèpéle, wọ́n sì ń kì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí a sin ín tán ní Williamsville, àwọn kan nínú wọn ṣí ibojì àti pósí láti wò bóyá òun ni lóòótọ́. Ọdún 16 ṣáájú ni ó ti kọ irú orin bẹ́ẹ̀ fún Jonathan.