Osùn àti Àdín

Kí ìpara inú ike tó kún ọjà Ìjerò àti Aràmọ̀kọ́, osùn ni wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Wọ́n á wọ́n omi sórí ọlọ, wọ́n á máa fi igi osùn ha á títí yóò fi pupa kìǹkìn. Pupa náà kì í yòrò nínú omi tútù; bí omi bá ti tòrò, ìsàlẹ̀ igbá lẹ ó ti bá a. Wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a. Àdín ni wọ́n ń pò ó mọ́, torí òróró kì í jẹ́ kí omi ara tètè gbẹ. Hydroquinone, èròjà inú àwọn ìpara kan tó ń bó ara, ń dí ara lọ́wọ́ láti pèsè àwọ̀ dúdú rẹ̀. Ní ti osùn, kò bá àwọ̀ jà, orí rẹ̀ ló ń dán sí. Aṣọ funfun tó bá kan osùn nìkan ni mo bá kẹ́dùn.