Ọ̀wọ̀ fún Ẹni Tó Mọ Koríko Gbìn

Ní Òkìtìpupa, òjò pọ̀ gan-an, ibi tí ilẹ̀ bá sì wà ní ìhòòhò, àgbàrá a máa wọ́ erùpẹ̀ lọ títí ìpìlẹ̀ ilé yóò fi hàn síta. Ìdí nìyí tí mo fi ka ẹni tó mọ koríko gbìn sí oníṣẹ́ ọwọ́ gidi. Kì í fọ́n irúgbìn, nítorí àgbàrá lè gbé e lọ kó tó hù. Koríko kápẹ́ẹ̀tì ló máa ń ṣí tòun terùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ hú èpò tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, yóò tẹ́ ilẹ̀ kó rọra dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ògiri, yóò wá tẹ koríko náà mọ́lẹ̀ kí gbòǹgbò lè kan erùpẹ̀ dáadáa. Bó bá gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ̀ka rẹ̀ tí ń fà nílẹ̀ yóò ta gbòǹgbò ní oríkèé-oríkèé, yóò sì di ilẹ̀ mú.

Àwọn kan á ní àgbàlá tí a gbá mọ́ ló bá àṣà wa mu, pé inú koríko ni ejò ń sá sí. Òótọ́ ni, bí koríko bá ga. Èyí tí à ń gé déédéé kì í sábà fi ejò pamọ́. Àwọn mìíràn fara mọ́ kọnkéré, ṣùgbọ́n omi tí kò rí ilẹ̀ wọ̀, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni yóò gbà lọ. Gígé koríko ń náni lówó lóòótọ́, àmọ́ títún ìpìlẹ̀ ilé ṣe wọ́n jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí a sanwó tó jọjú fún iṣẹ́ yìí.