Jíà Ọwọ́ Lójú Títì Agége

Bí lámèyítọ́ bá dúró níwájú iṣẹ́ ọnà kan, ìbéèrè tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi í ni èyí: agbo wo ni wọ́n ṣe ọ́ fún? Ẹni tí ó bá lọ sun ẹkún ìyàwó ní agbo eégún, bí ohùn rẹ̀ ti wù kí ó dùn tó, tìyanu-tìyanu ni wọn yóò máa wò ó. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ti àwọn tí ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà. Ọkọ̀ ní agbo tirẹ̀. Títì ni agbo náà, awakọ̀ ni òṣèré, àwa tí a dúró létí ọ̀nà sì ni òǹwòran, bí a fẹ́ bí a kọ̀.

Àríyànjiyàn kan wà láàrin àwọn tí owó wọn ká ọkọ̀ eré sísá, tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ní ọ̀nà yìí. Ṣé kí ènìyàn ra èyí tí a ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe kí ó lè gba ìgboro kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, tàbí kí ó ra èyí tí ń yí jíà fúnra rẹ̀, tí wọ́n ṣe nítorí pápá ìje? Ilé-iṣẹ́ Porsche ti ilẹ̀ Jámánì ni ó ṣe àpẹẹrẹ méjì tí ó fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere jù lọ. Ní 2021 ni wọ́n gbé 911 GT3 Touring ìran tuntun jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè gba jíà ọwọ́ onípele mẹ́fà nínú rẹ̀, kò sì ní apá ńlá kankan lẹ́yìn. Ní 2022 ni GT3 RS tẹ̀ lé e. Jíà aládàáṣe nìkan ni eléyìí ní. Apá kan nà sókè lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ga ju òrùlé ọkọ̀ náà lọ, kí afẹ́fẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ó bá ń sáré, rédíétọ̀ ńlá kan sì jókòó síwájú níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kó ẹrù sí. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́rin ni àwọn méjèèjì ní. Agbára ẹṣin 510 ni ti Touring, 525 ni ti RS. Ìwà ni ó yà wọ́n.

Ilé-ìtajà Porsche ṣí ní Victoria Island ní 2012, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè-òkun nìkan ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ dá ẹjọ́ náà ní Victoria Island. Ìkejà àti Agége ni mo fẹ́ gbé e lọ, níbi tí ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Láti Ọba Akran dé Ọ̀gbà, láti Agidingbi dé Oregun, ilé-iṣẹ́ ni ó tẹ́ ibẹ̀ dó bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ọkọ̀ akẹ́rù ń wọlé, ó ń jáde. Danfo ń ṣẹ́ kọ́nà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gba ibi tí ẹsẹ̀ lásán kò gbà. Ní Ọba Akran yìí kan náà ni Dunlop ti ń ṣe táyà fún gbogbo Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969 títí di 2008 tí wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró. Bí ọkọ̀ kan bá fẹ́ sọ fún wa pé ọkọ̀ títì ni òun, ibí ni kí ó ti wá wí tẹnu rẹ̀.

Kí ni jíà ń ṣe gan-an? Ògbufọ̀ ni jíà jẹ́ láàrin ẹ́ńjìnnì àti táyà. Ẹ́ńjìnnì kò ní agbára tó bí kò bá yára yí. Táyà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí àìyí rárá. Jíà ni ó ń bá àwọn méjèèjì túmọ̀ ọ̀rọ̀ ara wọn. Nínú ọkọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní mánúwà, ẹsẹ̀ òsì ni yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì láti já ẹ́ńjìnnì kúrò lára jíà, ọwọ́ yóò yan jíà mìíràn, ẹsẹ̀ yóò sì rọra tú kílọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yá jù, ọkọ̀ yóò ta gìrì, yóò sì kú. Bí ó bá pẹ́ jù, òórùn jíjóná ni a óò gbọ́. Nínú ti RS, kílọ́ọ̀ṣì méjì ni ó wà, ẹ̀rọ ni ó sì ń darí wọn. Ọ̀kan di jíà kìíní, ẹ̀kẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje mú. Èkejì di àwọn tó kù mú. Bí ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́ ni ìkejì ti múra sílẹ̀, tí a kò fi ní mọ ìgbà tí jíà yí. Bí a bá fi GT3 lásán wọn ìyàtọ̀ náà, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fúnra rẹ̀ sọ pé ìṣẹ́jú-àáyá 3.9 ni oníjíà ọwọ́ fi ń ti orí ìdúró dé kìlómítà 100 ní wákàtí kan, 3.4 sì ni ti aládàáṣe. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni gbogbo ìjà náà.

Pápá ìje ni ìdajì yìí ti níye lórí. Ní 1989, ní ilẹ̀ Brazil, Nigel Mansell fi ọkọ̀ Ferrari kan gbẹ̀yẹ tí kò ní ọ̀pá jíà. Ewé méjì tí ó wà lẹ́yìn síárìn ni ó ń fi ìka fà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pá jíà ti ń kú lọ nínú ìje, ikú náà sì wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ olówó ńlá tí ń rìn nígboro. Ní 2013, Porsche ṣe GT3 tí kò ní jíà ọwọ́ rárá. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fi igbe ta. Ní 2016 wọ́n ṣe 911 R, oníjíà ọwọ́ nìkan, ẹyọ 991 péré. Kíá ni àwọn tí ó rí i rà bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po iye tí wọ́n rà á. Nígbà tí ó di 2017, jíà ọwọ́ ti padà sínú GT3. Ohun tí ó yára jù kọ́ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń fi owó rà. Wọ́n ń ra iṣẹ́ ṣíṣe; wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n wa ọkọ̀ náà.

Níbi tí a bá ọ̀rọ̀ dé yìí ni ọ̀rọ̀ Agége ti yàtọ̀ pátápátá. Jíà ọwọ́ ni gbogbo wa fi mọ ọkọ̀. Ní 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ọdún yẹn kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kaduna, ìjàpá tí a ń pè ní Beetle àti Peugeot 504 sì gba ìgboro. Orí ìjàpá ni èmi ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi. Kò sí ẹni tí ó ń pe ohun tí a ń fi ọwọ́ ṣe nígbà náà ní mánúwà, nítorí kò sí òmíràn tí a fẹ́ fi yà á sọ́tọ̀. Ọkọ̀ ni ọkọ̀ ń jẹ́. Lẹ́yìn náà ni tòkunbọ̀ dé. Ẹ wo bí èdè wa ti ṣe é: orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè-òkun tí ó wá padà wálé ni a mú, a fi sọ ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò gbó lọ́hùn-ún. A fi ọ̀wọ̀ bo àlòkù mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ wọ̀nyí, yálà èbúté Èkó ni wọ́n gbà wọlé tàbí Kútọnú, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, aládàáṣe sì ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Báyìí ni jíà aládàáṣe ṣe di ti olùkọ́, ti nọ́ọ̀sì, ti òṣìṣẹ́ báńkì, tí jíà ọwọ́ sì di ti danfo àti ti ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ẹ bá bi ọ̀dọ́ kan ní Ìkejà pé ṣé ó lè wa mánúwà, ó ṣeé ṣe kí ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ẹ bi í bóyá ó mọ ọlọ lọ̀.

Ohun tí danfo ń fi ojoojúmọ́ ṣe láti jẹun ní Ìkejà Along ni olówó kan ń san owó gọbọi láti máa ṣe ní ọjọ́ Àìkú lórí òkè ní ilẹ̀ Yúróòpù. N kò sọ ọ́ láti fi olówó náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé ìmọ̀ kan náà ni, àti pé ibi tí ìmọ̀ bá ti ń jẹ́ iṣẹ́ àṣelàágùn, a kì í pè é ní ìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé àwọn ọkọ̀ méjèèjì wọ títì. Ká ní a ti Òṣòdì gba Agege Motor Road, a fẹ́ dé Pen Cinema ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Afárá tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 2021 mú un rọrùn díẹ̀, ọkọ̀ ojú irin pupa tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2024 sì ń dín èrò kù lójú títì. Síbẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò tíì gbàgbé ilé. Nínú Touring oníjíà ọwọ́, ẹsẹ̀ òsì yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, yóò tú u, yóò tún un tẹ̀, ní àìmọye ìgbà kí a tó rìn kìlómítà kan. Jíà kìíní ni a óò wà, jíà kejì yóò dà bí ìlérí. Orúnkún yóò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn náà yóò dá sí i. Nínú RS, ẹsẹ̀ òsì jókòó jẹ́ẹ́; bíréèkì àti tọ́rọ́tù nìkan ni iṣẹ́ wà. Ní ti ọ̀rọ̀ jíà, ọkọ̀ pápá ni ó mọ títì Agége lò, ọkọ̀ títì ni ó ń jìyà.

Èyí ni ó fi hàn mí pé wọ́n pín àríyànjiyàn náà ní ìpínkúpìn-ín. Àwọn tí ó so jíà ọwọ́ mọ́ ìgboro, tí wọ́n so aládàáṣe mọ́ pápá, títì tiwọn ṣófo ni. Jíà kọ́ ni ó ń sọ bí ọkọ̀ yóò ti bá títì gbé. Ikùn ọkọ̀ ni, àti sípíríǹgì rẹ̀. Kí RS tó dé bọ́ǹpù ẹlẹ́ẹ̀kejì ní ọ̀nà inú Ọ̀gbà, abẹ́ imú rẹ̀ yóò ti kan kọnkéré. Sípíríǹgì rẹ̀ le, ó ń fẹ́ ilẹ̀ tí ó tẹ́jú bí awo. Wọ́n ń ta ẹ̀rọ kan tí í gbé imú ọkọ̀ náà sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n kòtò Agége kì í kọ̀wé ránṣẹ́ kí ó tó yọ. Bí ẹni tí ó ni ín bá sì tún fẹ́ ra iṣu ní ọjà Agége, orí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni iṣu náà yóò gbé. Touring náà kì í ṣe ẹni gíga, ṣùgbọ́n ó fi ara balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ní ibi ẹrù. Ohun tí ọ̀pọ̀ alárìíyànjiyàn ń gbójú fò ni pé ènìyàn lè gba Touring yìí kan náà pẹ̀lú jíà aládàáṣe. Ara títì, jíà pápá. Ẹni tí ó ń gbé Agége, tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ni yóò ní, tí ó sì fẹ́ kí orúnkún òun bá òun dàgbà, èyí ni kí ó rà.

Ìdáhùn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, ìdí rẹ̀ sì nìyí. A ti pe ọkọ̀ yìí ní ayọ́kẹ́lẹ́ láti ìgbà tí àwọn baba wa ti kọ́kọ́ rí i, ohun tí ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn méjèèjì tí a ń wí kì í yọ́. Ẹ́ńjìnnì wọn lè yí ìgbà 9,000 nínú ìṣẹ́jú kan, igbe tí ó sì ń ti sàláńsà jáde kò jọ kẹ́lẹ́ lọ́nà kankan. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ́ kẹ́lẹ́, Corolla wà. Ẹni tí ó ra ariwo yìí gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ nínú bí ariwo náà ti ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nílẹ̀. Onídùndún ń fún awọ ọṣán ìlù mọ́ra, ó ń tú u, ohùn ń yí. Bí a bá ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa fún ọṣán náà fún un, tí kò sì ní ṣì í fún láé, ìlù yóò máa fọhùn, ṣùgbọ́n kí ni a óò máa pe ẹni tí ó gbé e kọ́ èjìká? Nínú jíà ọwọ́, àṣìṣe ṣeé ṣe, etí sì ń gbọ́ ọ. Láti inú ibi tí àṣìṣe ti ṣeé ṣe ni ọnà ti ń wá. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá tí RS fi borí, ní pápá ni a ti lè ná an. Kyalami wà ní Gúúsù Áfíríkà láti 1961 fún ẹni tí ó bá fẹ́ ná an. Ní Ìkejà, iná dídúró àkọ́kọ́ ni yóò gbà á padà.

Touring oníjíà ọwọ́ ni mo fọwọ́ sí, pẹ̀lú gbogbo ìyà rẹ̀. N kò fọwọ́ sí i nítorí pé ó rọ títì lọ́rùn, nítorí kò rọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá rà á kò gbọ́dọ̀ wà á lọ sí ibi iṣẹ́. Kí ó jí ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, kí ó tó di aago mẹ́fà, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Ọba Akran bá ti ilẹ̀kùn, kí ó gba ibẹ̀ yí sí Agidingbi, kí ó padà. Bí kò bá tíì mọ jíà ọwọ́ yí dáadáa, olùkọ́ kò jìnnà. Kí ó wọ danfo kan ní Ìyànà Ìpájà, kí ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, kí ó sì máa wo ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin náà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí afárá tí ó gun òkè, tí èrò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Kò ní fa bíréèkì ọwọ́. Yóò fi kílọ́ọ̀ṣì di gbogbo wọn mú ní agbedeméjì, ọkọ̀ kò ní rọ́ sẹ́yìn, kò ní tẹ̀ síwájú. Mẹkáníìkì yóò ní irú ìyẹn ń jẹ kílọ́ọ̀ṣì run. Òótọ́ ni ó sọ. Ọkùnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ iye tí òmíràn jẹ́ ní Ládípọ̀.