Ojú Ọ̀bẹ Lára Abọ́ Igi

Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére wa mọ̀: ọnà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín. Ní ti lílé, a gbà pé ẹ̀rọ oníná ń dín àárẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n abọ́ tí ẹ̀rọ bá dán, kò ní ojú ọ̀bẹ lára mọ́. Ike ni ó jọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ifangni sì ní òun ló dára jù!

Ẹ wo abọ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ẹni tí ó kú ní 1938, èyí tí ó wà ní Washington. Láàárín àwọn ère tí ó kúnlẹ̀ tí wọ́n gbé e ró, orí kan ń yí gbirigbiri, kò sì ṣeé yọ jáde. Igi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ wo ni ìbá ráyè wọ ibẹ̀?